Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Kọ̀nféyọ̀ Nínú Ilé Iṣẹ́ Yín

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lórí kọ̀nféyọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi bẹ́líìtì tàbí rólà gbé ẹrù láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ilé iṣẹ́, pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé kan lè gbà lọ. Mẹ́fà nínú wọn la ṣà. A gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n àti ti àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wọn kúrò.

Mo ní ilé búrẹ́dì ní Agége. Ọwọ́ la fi ń kó búrẹ́dì láti ìdí ààrò dé ibi tí a ti ń gé e tí a sì ti ń dì í sí ọ̀rá. Mo rí kọ̀nféyọ̀ tòkunbọ̀ kan ní Owódé Onírin, gígùn rẹ̀ tó mítà 6. Ẹni tó ń tà á sọ pé Amẹ́ríkà ló ti wá, pé ó lágbára débi pé ó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ṣé kí n rà á? — Ìyá Oníbúrẹ́dì, Agége

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró tiiná. Ẹ má tíì sanwó. Pé ẹ̀rọ kan lè gbé sìmẹ́ǹtì kò sọ ọ́ di ẹ̀rọ búrẹ́dì. Ẹrù la máa ń kọ́kọ́ wò kí a tó wo ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò tiyín. Ká ní búrẹ́dì 1,200 lẹ fẹ́ kó kọjá láàárín wákàtí kan, ìyẹn 20 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí búrẹ́dì kan pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín òun àti èkejì bá gba sẹ̀ǹtímítà 40 lórí bẹ́líìtì, a jẹ́ pé bẹ́líìtì náà ní láti rin mítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, eré yẹn kò sì yá rárá. Ní ti ìwọ̀n, búrẹ́dì 15 péré ni yóò wà lórí mítà 6 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì jẹ́ gíráàmù 700, gbogbo rẹ̀ kò pé kílò 11. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ fún àpò sìmẹ́ǹtì yóò kàn máa jẹ iná yín lásán ni, eré rẹ̀ sì lè yá jù fún ẹni tó dúró síwájú láti máa kó búrẹ́dì.

Ohun tó ká mi lára ju agbára lọ ni bẹ́líìtì tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà dúdú irú èyí tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ àti òkúta, kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bẹ́líìtì funfun tàbí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ lẹ nílò, oríṣi ike méjì tó sì wọ́pọ̀ nínú wọn ni PVC àti PU. PVC kò wọ́n tó PU, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti bọ́tà máa ń mú kó le gbagidi bí ó bá ti pẹ́, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán. PU kò bẹ̀rù ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Méjèèjì kò sì fẹ́ ooru ààrò: búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí agolo rẹ̀ ṣì ń jóni lọ́wọ́, bẹ́líìtì onírin alásẹ́ ló yẹ ẹ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kó tutù lórí pẹpẹ kí ó tó dé orí kọ̀nféyọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, bẹ́líìtì oníke tí wọ́n fi ègé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ so pọ̀ mọ́ra ni n óò wá, nítorí pé bí ègé kan bá kán, ọmọṣẹ́ yín lè yọ ọ́ kí ó fi òmíràn sí i ní ìdajì wákàtí, láì pe ẹnikẹ́ni láti wá fi iná so bẹ́líìtì.

Ó ku mọ́tọ̀. Ẹ ní kí oníná yín ka àwo kékeré tó wà lára rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz, ìyẹn ni pé ìgbà 60 ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà mọ́tọ̀ tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,750 ní ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún yóò máa yí ní nǹkan bí 1,450 níbí, eré bẹ́líìtì yóò sì fi ìdá kan nínú mẹ́fà dín. Ìyẹn kò burú fún yín. Èyí tó burú ni bí àwo náà bá ka fólítì 115 nìkan, nítorí bí ẹ bá fi í sí iná wa tó jẹ́ nǹkan bí 230, kò ní pẹ́ tí yóò fi jó. Bó bá sì jẹ́ mọ́tọ̀ onífésì mẹ́ta, ìyẹn èyí tó ń lo ojú iná mẹ́ta, ẹ bi ara yín bóyá fésì mẹ́ta wà ní ilé búrẹ́dì yín. Bí gbogbo èyí bá bára mu, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú yín fún wákàtí kan gbáko pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, kí ẹ máa fi etí gbọ́ gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí eléyín tó ń dín eré mọ́tọ̀ kù, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti pa á, kí ẹ fọwọ́ kan ìdí béárìn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí rólà yí geere, bóyá ó gbóná jù. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n, ilé iṣẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ni mo wà ní Ìsọlọ̀, èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ lálẹ́. Bẹ́líìtì wa máa ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún, etí rẹ̀ sì ti ń ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ọ̀gá mi ní kí n máa fún bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Yóò gún fún ìgbà díẹ̀, yóò tún yà padà. Kí ni mo lè ṣe? — Ọmọṣẹ́, Ìsọlọ̀

Àbúrò, ohun tí ọ̀gá rẹ ń ṣe ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí bẹ́líìtì le. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ohun tí ẹ fi ń tọ́ bẹ́líìtì sọ́nà, apá kan yóò le ju èkejì lọ, béárìn apá tó le yóò sì tètè jẹ, lẹ́yìn náà ni ojú ìsopọ̀ bẹ́líìtì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Kí o tó gbé sípánà, fi ẹfun sàmì sí ojú ìsopọ̀ bẹ́líìtì nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tan án, kí o dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o máa wò ó fún ìyípo bíi mẹ́wàá láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun méjì lo fẹ́ mọ̀. Ṣé apá kan náà lára bẹ́líìtì ló ń yà, níbikíbi tó bá dé lórí férémù? Àbí ojú ibì kan náà lára férémù ni gbogbo bẹ́líìtì, látòkè délẹ̀, ti ń yà? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ara bẹ́líìtì ni àrùn náà wà: ó lè jẹ́ pé wọ́n gé ẹnu rẹ̀ wọ́ kí wọ́n tó so ó, tàbí pé ó ti tẹ̀ níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí kí ẹ tó rà á. Kò sí rólà tí o lè yí tí yóò wo ìyẹn sàn. Ẹ óò gé e, ẹ óò fi igun irin wọn ọ́n kí ẹnu méjèèjì lè gún régé, ẹ óò sì tún un so. Bó bá jẹ́ ti èkejì, bẹ́líìtì kò jẹ̀bi. Lọ wo àwọn rólà tó wà ṣáájú ibi tó ti ń yà, nítorí pé bẹ́líìtì máa ń rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tì í kí ojú tó rí i pé ó ti kúrò ní àárín.

Nínú ilé iṣẹ́ ọṣẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra ohun tí o máa bá níbẹ̀. Yẹ̀fun ọṣẹ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó kò sì ṣaláì lómi, pàápàá lóru. Èyí tó bá já bọ́ sórí bẹ́líìtì abẹ́, ìyẹn apá tó ń padà bọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, yóò lẹ̀ mọ́ rólà àti púlì ẹ̀yìn, ìyẹn rólà ńlá tí bẹ́líìtì ti ń yí padà lẹ́yìn, yóò gan, títí apá kan rólà yóò fi tóbi ju èkejì lọ. Bẹ́líìtì kò lè gún lórí irú rólà bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì wo rọ́bà tó ń nu ojú bẹ́líìtì ní iwájú bóyá ó ti jẹ tán. Bí rọ́bà yẹn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ óò tún máa ha ohun kan náà.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó ni wíwọ̀n. Fi tépù wọn férémù láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kí o tún wọn igun méjì tó kù. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́, bóyá nítorí pé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan ti kọlù ú rí. Ìgbà tí férémù bá gún nìkan ni kí o wá fọwọ́ kan rólà. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: etí rólà tí bẹ́líìtì bá kọ́kọ́ kàn ni yóò rìn sí. Nítorí náà bí ó bá ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún, etí ọ̀tún rólà ni kí o sún síwájú díẹ̀, síbi tí bẹ́líìtì ń lọ, yóò sì padà sósì, gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ń yà sósì bí a bá ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú. Rólà abẹ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò jìnnà sí púlì ẹ̀yìn. Má ṣe sún ju mìlímítà mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì jẹ́ kí bẹ́líìtì yí dáadáa kí o tó sún òmíràn, torí ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò sún rólà márùn-ún láti tún àṣìṣe rólà kan ṣe. Kọ́kọ́ ṣe é lófìfo, lẹ́yìn náà kí o wò ó pẹ̀lú ẹrù. Bó bá gún lófìfo tó sì tún yà nígbà tí ẹrù dé, ẹnu ibi tí ọṣẹ ti ń dà sórí bẹ́líìtì ni kí ẹ lọ tún ṣe. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń dà á sí.

Mọ́tọ̀ kọ̀nféyọ̀ wa ti jó lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. A ti pààrọ̀ ẹni tó ń bá wa tún wáyà inú rẹ̀ dì. Ṣé kí a ra èyí tó lágbára jù ú lọ? — Oníṣẹ́ Ike, Mátórì

Alàgbà, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ lé lọ kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníná yín bóyá fésì kan ti lọ lọ́jọ́ tí mọ́tọ̀ náà jó. Ní Èkó, fíúsì ìdí tiransifọ́mà lè já lójú kan nígbà tí ojú méjì yòókù ṣì ń mú iná wá. Gílóòbù ọ́fíìsì yóò máa tàn, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Mọ́tọ̀ onífésì mẹ́ta tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ nínú ipò yìí yóò máa fa iná púpọ̀ gba ojú méjì tó kù, yóò máa kùn hùn-ùn, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yóò sì ti gbóná kọjá ààlà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń pè ní rílé, tó máa ń pa ẹ̀rọ bí fésì kan bá lọ tàbí bí fólítì bá wálẹ̀ jù. Owó rẹ̀ kò tó owó dídì mọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ sì wo rílé kejì, èyí tó ń ṣọ́ iye iná tí mọ́tọ̀ ń fà. Iye ámpíà tó wà lára àwo mọ́tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yí i sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yí i dópin, nítorí pé ó ń pa ẹ̀rọ lójoojúmọ́, ọ̀gá sì ń pariwo. Ìkìlọ̀ ni pípa yẹn jẹ́: rólà kan ti gan, tàbí bẹ́líìtì ti le jù, tàbí wọ́n ń tan ẹ̀rọ nígbà tí ẹrù ti kún orí rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú lẹ́yìn tí iná lọ lójijì. Bí ẹ bá ra mọ́tọ̀ tó lágbára jù, òun náà yóò kàn fi agbára wọ́ rólà tó gan náà ni, títí bẹ́líìtì yóò fi ya tàbí tí eyín gíábọ́ọ̀sì yóò fi ká.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń di ọjà lọ́dọ̀ wa máa ń fi àkísà nu púlì nígbà tí ẹ̀rọ ń yí. Wọ́n ní bí àwọn bá pa á, ọjà yóò pẹ́. Wọ́n sì ti yọ irin tó bo ibẹ̀. Ṣé ó léwu tó bí mo ṣe rò? — Alábòójútó, Ọ̀gbà

Ó léwu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ojú ibi tí bẹ́líìtì ti ń wọ ara púlì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fara pa. Bẹ́líìtì tó ń rin ìdajì mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a sì ń pè ní ẹ̀rọ tó rọra ń lọ, yóò ti fa gbogbo apá wọlé kí ẹni tó dúró sídìí bọ́tìnì tó yíjú. Àkísà ló máa ń kọ́kọ́ mú, ọwọ́ a tẹ̀lé e. Ìborùn àti irun gígùn kò yàtọ̀. Òfin tí a ń pè ní Factories Act ti ọdún 1987 ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́ láti bo irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀rùn ọ̀gá ni ẹ̀bi máa kọ́kọ́ wà, ọmọṣẹ́ tó mú àkísà lọ́wọ́ kọ́.

Ẹ dá irin náà padà lónìí, kí ẹ fi bọ́ọ̀tì tí a kò lè fi ọwọ́ lásán tú dè é. Ẹ lè fi irin alásẹ́ ṣe é kí ojú lè máa rí inú láì ṣí i. Bí ìmọ́tótó bá yá, kí wọ́n pa iná láti orí súwíìsì ńlá, kí wọ́n fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò ẹni tó ń nu ẹ̀rọ gan-an. Ìdí pàtàkì kan tún wà fún èyí níbí. Bí ẹnì kan bá nawọ́ sínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n mú iná lọ, tó rò pé ó ti kú, ẹ̀rọ náà lè ṣàdédé yí nígbà tí wọ́n bá mú iná dé tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á. Oníná yín lè so ó lọ́nà tó jẹ́ pé, bí iná bá lọ tó sì padà dé, ẹ̀rọ kò ní yí àfi bí ènìyàn bá tún tẹ bọ́tìnì. Ẹ ní kí ó ṣe é kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ní ti ọjà tó ń pẹ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí àárín iṣẹ́ fún ìmọ́tótó, kí ó sì wà lákọsílẹ̀ pé owó ọ̀yà àwọn ọmọ náà kò dín nítorí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ló yẹ kí a máa fi gírísì sí béárìn? — Àpápá

Ó kù sí irú béárìn. Èyí tí wọ́n ti dí ẹnu rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, irú tó wà nínú ọ̀pọ̀ rólà, kò gba gírísì rárá. Bó bá ti ń kígbe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní ẹnu gírísì, díẹ̀ díẹ̀ ni, nítorí àpọ̀jù máa ń mú kó gbóná, ó sì ń ya rọ́bà tó dí i. Ẹ má ṣe kọ omi alágbára sí i bí ẹ bá ń fọ ilé. Bí ṣéènì bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta gùn ju bó ṣe yẹ lọ nínú mítà kan, ó ti tó pààrọ̀, pẹ̀lú táyà eléyín tó ń wọ́ ọ, torí ṣéènì tuntun lórí eyín àtijọ́ kì í pẹ́. Epo gíábọ́ọ̀sì, ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ẹ má sì da oríṣi méjì pọ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí wa wà lágbègbè Òkè Àrín, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń kó páálí ọjà sí, orí la sì fi ń rù ú. Ilé náà tóóró. Ṣé kọ̀nféyọ̀ lè gbé e gòkè? — Oníṣòwò, Lágọ́ọ̀sì Àílàǹdì

Ó lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ tí yóò jẹ. Páálí kò ní dúró dáadáa lórí bẹ́líìtì tí ojú rẹ̀ dán bí gíga rẹ̀ bá kọjá dígírì 20. Bí òkè yín bá ga ní mítà 3, dígírì 20 yóò gba ju mítà 8 lọ nílẹ̀. Bẹ́líìtì tó ní ìdènà gbàǹgbà gbàǹgbà lè dé dígírì 30, òun náà yóò sì gba ju mítà 5 lọ, ẹ kò sì tíì ka ibi tí ènìyàn máa dúró sí láti gbé páálí lé e. Ó tún gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tí kò ní jẹ́ kí ẹrù ṣàn padà sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ.

Nínú ilé tóóró, èmi kò ní ná owó yín lé kọ̀nféyọ̀ fún gbígbé ẹrù gòkè. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa ẹrù lọ sókè lóòró, kí ẹ sì ṣe ọgbà irin yí ojú ọ̀nà rẹ̀ ká. Ibi tí rólà ti máa wúlò fún yín ni ilẹ̀ títẹ́, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ẹ̀rọ náà, níbi tí páálí ti lè máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ kí àwọn rólà náà rẹlẹ̀ díẹ̀ níwájú, láì lo iná kankan. Rólà mẹ́ta ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ máa wà lábẹ́ páálí ní gbogbo ìgbà, nítorí náà bí páálí yín tó kéré jù bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, àárín rólà kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹ béèrè fún irin tí wọ́n ti fi síńkì bò, nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun yóò mú kí èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn tètè dípẹtà. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wọn páálí tó kéré jù àti èyí tó wúwo jù nínú ọjà yín, kí ẹ mú iye méjèèjì dání.